Àkọsílẹ̀ iṣẹ́: bí mo ṣe ń wọn bí Yorùbá ṣe rọrùn kà tó, látorí ìwé ìléwọ́ kòkó kan ní Àkúrẹ́

Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ rèé. Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kòkó kan lọ́nà Ìdànrè gbé ìwé ìléwọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkè Àró, wọ́n ní kí n bá wọn tẹ̀ ẹ́, kí n ṣe fọ́tòkọ́pì ẹ̀ kí wọ́n lè pín in káàkiri abúlé. Bí wọ́n ṣe ń bo kòkó mọ́lẹ̀ kó lè kan dáadáa ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú bí wọ́n ṣe ń sá a. Kò sí irọ́ nínú ẹ̀ o, ẹni tó kọ ọ́ mọ nǹkan tó ń sọ, àmọ́ bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni mo ń rí i pé ẹni tí wọ́n torí ẹ̀ kọ ọ́ ò ní lè kà á dópin. Ọ̀rọ̀ owó sì ni, torí kòkó tí ò kan dáadáa, tó koro lẹ́nu, tó bu torí oòrùn tó rí ò tó, arakòkó á já owó lé e lórí ni, gbogbo làálàá ọdún kan á wá di ohun tí ẹnì kan ṣoṣo bá sọ nídìí ìwọ̀n. Gbólóhùn kan péré látinú ìwé yẹn nìyí, mo fi í sílẹ̀ bí mo ṣe bá a:

"Lẹ́yìn tí a bá ti ṣe ìkójọpọ̀ àwọn èso kòkó tí ó ti pọ́n dáadáa tí a sì ti fọ́ wọn, ó ṣe pàtàkì kí ìbòmọ́lẹ̀ àwọn kóró náà wáyé pẹ̀lú lílo ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún iye ọjọ́ tí kò dín ní márùn-ún tí kò sì ju méje lọ, kí yíyí wọn padà sì máa wáyé lẹ́yìn ọjọ́ méjì méjì."

Mo sọ fún akọ̀wé ẹgbẹ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n bá yín tún un kọ, mi ò ní gba owó kún un." Ẹ̀gbọ́n ní kí ló ṣe é, ṣebí Yorùbá gidi ni. Òótọ́ ni, Yorùbá gidi ni. Mo wá rò ó pé tí mo bá kàn ń sọ pé ó le, ojú tèmi lásán ni, ẹ jẹ́ ká wá nǹkan tá a lè fi wọ̀n ọ́n, kó jẹ́ pé nọ́ńbà la jọ ń wò. Ibẹ̀ niṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ìwọ̀n tí gbogbo ayé mọ̀ jù ni ti Rudolf Flesch, ọmọ ìlú Vienna tó sá lọ sí Amẹ́ríkà. Ọdún 1948 ló gbé fọ́múlà ẹ̀ jáde: 206.835, ẹ yọ 1.015 lọ́nà iye ọ̀rọ̀ tó wà nínú gbólóhùn kan kúrò, kẹ́ ẹ tún yọ 84.6 lọ́nà iye sílébù (ègé ọ̀rọ̀ tá à ń pè lẹ́ẹ̀kan) tó wà nínú ọ̀rọ̀ kan kúrò. Bí skóò bá ṣe ga tó ni ìwé ṣe rọrùn tó, 60 sí 70 ni wọ́n ń pè ní Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara. Ní 1975, Kincaid àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́ tún un ṣe fún àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà kó lè máa sọ kíláàsì tó yẹ kéèyàn kà dé. Nǹkan méjì péré ló ń wò, gígùn gbólóhùn àti gígùn ọ̀rọ̀. Kò mọ ìtumọ̀, kò mọ̀ bóyá òótọ́ lò ń sọ, kò mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ tẹ̀ lé ara wọn.

Mo ní ó dáa, kí n kọ kóòdù kékeré ní Python, èdè kan tí wọ́n fi ń kọ iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà, tó máa ka sílébù Yorùbá. Èyí dùn mọ́ mi gan-an torí ó rọrùn ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ fíìfíì. Gẹ̀ẹ́sì máa ń kọ fáwẹ̀lì tí wọn ò ní pè, kọ̀ǹpútà á máa méfò. Àwa ò ní irú ẹ̀, fáwẹ̀lì kan, sílébù kan, ká fi "n" àti "m" tó dá dúró kún un, yálà wọ́n ní àmì tàbí wọn ò ní, ó parí. "Gbangba" méjì, "dáadáa" mẹ́rin, "kọ̀ǹpútà" mẹ́rin. Ìlà kóòdù díẹ̀ ló gbà.

Ibi tó ti dí ni kíka ọ̀rọ̀ fúnra ẹ̀. Kọ̀ǹpútà ní lẹ́tà kan fún "à", ó ní ọ̀kan fún "ẹ", àmọ́ kò ní lẹ́tà kan ṣoṣo fún "ẹ̀". "Ẹ" lọ́tọ̀ ni, àmì tó wà lórí ẹ̀ lọ́tọ̀, wọ́n kàn gun ara wọn ni. Àṣẹ tí gbogbo èèyàn fi ń wá ọ̀rọ̀ ní Python, ìyẹn \w+, kì í ka àmì yẹn mọ́ lẹ́tà, tó bá ti débẹ̀ ó gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí. "Ọ̀gẹ̀dẹ̀" kan ṣoṣo wá di ọ̀rọ̀ mẹ́ta lójú ẹ̀: "ọ", "gẹ", "dẹ". Ẹ wò ó ná, gbogbo ìwé Yorùbá tẹ́ ẹ bá kó sínú irinṣẹ́ tí wọ́n ṣe báyìí, ọ̀rọ̀ á pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ọ̀rọ̀ á kúrú ju bó ṣe yẹ lọ, skóò á wá lọ sókè, wọ́n á ní ìwé yín rọrùn. Mo pààrọ̀ ẹ̀ sí [\w\u0300-\u036f-]+ kó lè gba àmì mọ́ra, kó sì jẹ́ kí "márùn-ún" jẹ́ ọ̀kan. Mo tún ní kó kọ́kọ́ sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di irú kan pẹ̀lú unicodedata.normalize kó tó ka nǹkan kan, torí kíbọ́ọ̀dù fóònù yàtọ̀ síra, òmíì á kọ́kọ́ fi àmì ìsàlẹ̀ kí ó tó fi tòkè, òmíì á fi tòkè ṣáájú, lójú èèyàn bákan náà ni wọ́n rí, lójú kọ̀ǹpútà ọ̀rọ̀ méjì ni.

Nígbà tí kíkà ti tọ́, gbólóhùn òkè yẹn fún mi ní ọ̀rọ̀ 59, sílébù 96, gbólóhùn kan. Skóò Flesch: 9. Mo fi han Ẹ̀gbọ́n akọ̀wé, ó ní ṣé nínú mẹ́wàá ni, mo ní rárá, nínú ọgọ́rùn-ún.

Àmọ́ mi ò fẹ́ gba nọ́ńbà yẹn gbọ́ tán, torí náà mo dán an wò lọ́nà méjì. Àkọ́kọ́, mo fi àmì ìdánudúró gé gbólóhùn yẹn sí márùn-ún láìyí ọ̀rọ̀ kankan padà. Skóò fò láti 9 lọ sí 57. Ẹ ka ohun tó jáde yẹn fún àgbẹ̀, kò tíì yé e ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí "ìbòmọ́lẹ̀ wáyé" ṣì wà níbẹ̀, ẹni tó máa bò ó ò sí níbẹ̀.

Ìkejì ló là mí lójú jù. Mo mú òwe tí ọmọdé Àkúrẹ́ náà mọ̀, mo kọ ọ́ lọ́nà méjì. "Àgbà kìí wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́", ọ̀rọ̀ 8, sílébù 14, skóò jẹ́ 51, ìyẹn ni pé ó le díẹ̀. Mo wá tú u sílẹ̀: "Àgbà kì í wà ní ọjà kí orí ọmọ tuntun wọ́", ọ̀rọ̀ 11, sílébù 16, skóò di 73, ó ti rọrùn nìyẹn. Òwe kan náà! Ẹnu kan náà! Àlàfo tá a fi sáàárín ọ̀rọ̀ àti ibi méjì tá a ti sún ọ̀rọ̀ kì ("lọ́jà", "kórí") ló yàtọ̀. Ẹ sì mọ̀ pé bá a ṣe ń pín ọ̀rọ̀ nígbà tá a bá ń tẹ nǹkan lórí fóònù, oníkálukú ló ń ṣe tiẹ̀. Ìwọ̀n tó bá fi iye ọ̀rọ̀ pín nǹkan, bó o ṣe pín ọ̀rọ̀ ẹ ló ń wọ̀n, kì í ṣe bó o ṣe kọ̀wé. Lójú tèmi, kò sí ẹni tó yẹ kó gbé skóò Flesch lé ìwé Yorùbá lórí kó wá sọ pé ó rọrùn tàbí ó le. Kéèyàn fi wé ara ẹ̀, ìwé kan náà, ọwọ́ kan náà, àná àti òní, ìyẹn ṣì ṣeé gbà.

Mo yẹ ti Björnsson ará Swídìn wò pẹ̀lú, LIX ni wọ́n ń pè é, 1968. Òun ò da sílébù láàmú. Iye ọ̀rọ̀ nínú gbólóhùn, ẹ fi ìdá ọ̀rọ̀ tó ju lẹ́tà mẹ́fà lọ nínú ọgọ́rùn-ún kún un. Ó yà mí lẹ́nu pé ó bá wa mu díẹ̀. (Kóòdù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bọ́ àmì kúrò o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ "ọ̀gẹ̀dẹ̀" tó jẹ́ lẹ́tà márùn-ún á di mẹ́jọ.) Ọ̀rọ̀ gígùn mẹ́ta péré ló rí nínú gbólóhùn tiwa: "ìkójọpọ̀", "ìbòmọ́lẹ̀" àti "márùn-ún". Méjì àkọ́kọ́ yẹn gan-an ló ń dá àgbẹ̀ dúró. Ọ̀rọ̀ ìṣe Yorùbá kúrú, kó, bò, yí, sá, ìgbà tá a bá sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ orúkọ ló ń gùn, tó sì máa ń nílò "wáyé" tàbí "ṣe" láti tì í lẹ́yìn. LIX 64, ohun tó bá ti kọjá 60 ni wọ́n ń kà sí èyí tó le gan-an.

Látibẹ̀ ni mo ti jáwọ́ nínú kí n máa gbára lé fọ́múlà kan ṣoṣo, mo wá kọ èyí tó máa ka ohun tí mo rí pé ó ń ká àwọn èèyàn wa lọ́wọ́ kò. Àkọ́kọ́ ni èémí: iye ọ̀rọ̀ tó wà láàárín àmì kan sí òmíì, kọ́mà náà wà níbẹ̀, kì í ṣe ìdánudúró nìkan. Ọ̀pọ̀ ìwé ìléwọ́ ni ẹnì kan máa ń kà sókè fún àwọn tó kù, ọmọ á kà á fún bàbá, akọ̀wé á kà á nípàdé, ibi tí èémí bá ti tán ni ọ̀rọ̀ ti ń já. Èémí tó gùn jù nínú gbólóhùn yẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ 27. Lẹ́yìn náà ni iye "tí" àti "tó" nínú gbólóhùn kan, torí "tí" ń ṣiṣẹ́ púpọ̀, ó lè jẹ́ "nígbà tí", ó lè jẹ́ "tí a bá", ó lè máa júwe nǹkan, tó bá ti tò tẹ̀ léra ẹni tó ń kàwé á máa wá èwo ló so mọ́ èwo. Márùn-ún wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà "wáyé" àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀, méjì.

Ẹ̀yà tí mo tún kọ rèé:

"Ẹ já kòkó tó pọ́n nìkan. Ẹ fọ́ ọ, kẹ́ ẹ kó kóró rẹ̀ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ fi ewé bò ó mọ́lẹ̀ dáadáa. Tó bá di ọjọ́ kẹta, ẹ tú u, ẹ yí i padà, ẹ tún bò ó. Tó bá di ọjọ́ karùn-ún, ẹ tún yí i padà. Lọ́jọ́ keje, ẹ sá a sóòrùn."

Ọ̀rọ̀ 56, gbólóhùn mẹ́fà, èémí tó gùn jù jẹ́ 8, "wáyé" ò sí mọ́. Flesch fún un ní 78. Mo fi "ẹ" sí i jálẹ̀ torí àgbàlagbà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó máa gbọ́ ọ, ìwé tó bá ń pe bàbá olóko ní "o" á ti sọ ọ́ nù kó tó dé ìlà kejì. Ìyẹn náà wà lára kí ìwé rọrùn kà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí kóòdù tó lè kà á.

Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo ṣe fọ́tòkọ́pì, mo wá ṣe fọ́tòkọ́pì fọ́tòkọ́pì yẹn, torí bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa rìn lábúlé, ẹnì kan á rí tẹnì kan á lọ ṣe tiẹ̀. Nígbà tó di ìran kẹta àmì ti ń lọ, ẹsẹ̀ lẹ́tà ti ń lọ. Mo gbé èyí tí àmì ẹ̀ ti parẹ́ jù fún ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa pé kó kà á sókè fún mi. Ó ka "Ẹ fo o" ó ní, "Ẹ fọ̀ ọ́." Kí wọ́n fọ kòkó! Ohun tí wọn ò gbọ́dọ̀ ṣe gan-an nìyẹn, torí funfun tó ń yọ̀ lára kóró yẹn ni ṣúgà ẹ̀ wà, òun ló ń kan, òun ló ń mú gbogbo ẹ̀ gbóná lábẹ́ ewé, tí wọ́n bá fi omi fọ̀ ọ́ dànù kí ló kù tó máa kan? Mo tún ìlà yẹn kọ: "Ẹ fi kùmọ̀ fọ́ ọ." Kùmọ̀ ò lè fọ nǹkan, kódà tí gbogbo àmì bá lọ èèyàn á mọ̀ pé fífọ́ ni, ó sì tún dáa jù torí àdá máa ń gé kóró. Mo tún skóò wò. Flesch ní ó bọ́ láti 78 sí 77, pé mo ti mú un le sí i. Ẹ rí i? Ibi tí ìwé ti wúlò jù lọ nínú gbogbo àtúnṣe tí mo ṣe, ibẹ̀ ni fọ́múlà ti já máàkì lé mi lórí. Mo ti wá fi àyẹ̀wò fọ́tòkọ́pì kún iṣẹ́ náà pátápátá: tí mo bá kọ ìlà kan tán, màá bọ́ gbogbo àmì ẹ̀ kúrò, màá fún ẹlòmíì kà, tó bá ti kà á sí nǹkan míì, ọ̀rọ̀ kan ní láti wọlé láti dì í mú.

Ti ojú ìwé náà kò gba ariwo púpọ̀. Mi ò fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ mọ́, torí ìlà á gbé àmì ìsàlẹ̀ "ọ" àti "ẹ" àti "ṣ" mì, mo ń lo lẹ́tà tó kì. Mo fẹ àyè tó wà láàárín ìlà sí ìlà kí àmì òkè má bàa gun ìsàlẹ̀ ìlà tó ṣáájú. Nọ́ńbà gbọ́dọ̀ jẹ́ 17, kì í ṣe "ẹẹ́tàdínlógún", èyí táwọn ìyá wa ní Ọjà Ọba ń kọ sára páálí ọjà nìyẹn, kálukú á pè é bó ṣe wù ú.

Lẹ́yìn náà ni ìdánwò àlàfo. Wilson Taylor ló gbé e jáde ní 1953: ẹ pa ọ̀rọ̀ karùn-ún karùn-ún rẹ́ nínú ìwé, kẹ́ ẹ ní kí èèyàn dí àlàfo, bó bá ṣe ń dí i tó ni ìwé ṣe yé e tó. Mo fẹ́ràn eléyìí torí kò so mọ́ èdè kankan, ẹni tó ń kàwé ló ń wọ̀n, kì í ṣe lẹ́tà. Ṣùgbọ́n tá a bá ń pa ọ̀rọ̀ karùn-ún rẹ́ ní Yorùbá, "ti" àti "ń" àti "ó" la máa pa rẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ta ni ò ní mọ ìyẹn? Torí náà ọ̀rọ̀ ìṣe àti ọ̀rọ̀ orúkọ nìkan ni mo ń pa rẹ́. Ẹni tí kò mọ̀wé kà, màá kà á sókè fún un, màá dúró, màá wo ẹnu ẹ̀. Mo gbé e lọ sípàdé ẹgbẹ́ náà. Ti ìwé àkọ́kọ́, mo ní "ó ṣe pàtàkì kí... àwọn kóró náà wáyé", ẹnì kan ní "títà", ẹnì kan ní "kíkó", ìyá kan ní, "Ọmọ mi, kí lo fẹ́ ká fi síbẹ̀ gan-an?" Ti ìkejì, mo ní "Tó bá di ọjọ́ kẹta, ẹ tú u, ẹ yí i...", mi ò tíì dákẹ́ tán wọ́n ti ní "padà".

Níbẹ̀ náà ni bàbá kan ti bá mi tún ìlà tó wà lórí sísá ṣe. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé omi inú kóró gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ sí bíi 7 nínú ọgọ́rùn-ún. Gbólóhùn kúkúrú ni, gbogbo ìwọ̀n tí mo ní ló yìn ín. Bàbá ní, "Kí ni mo fẹ́ fi wo ìyẹn lóko? Bu ú sọ́wọ́ kó o fún un mọ́wọ́, tó bá ti ń pariwo, ó gbẹ nìyẹn." Ó ti wà nínú ìwé báyìí: "Ẹ bu kóró sọ́wọ́, ẹ fún un mọ́wọ́. Tó bá ń dún, ó ti gbẹ." Mo fi 7 yẹn sílẹ̀ nísàlẹ̀ ìwé fún akọ̀wé, torí àwọn arakòkó tó ń gbé ẹ̀rọ wá, nọ́ńbà ni wọ́n máa bá a sọ.

Bó ṣe wà báyìí: kóòdù ń fún mi ní èémí tó gùn jù, iye "tí" àti "tó", iye "wáyé", àti LIX, mo yọ Flesch kúrò lójú ìwé àbájáde. Màá sì máa fún ẹnì kan kà á sókè, màá fi pẹ́ńsù fàlà síbi tó bá ti padà sẹ́yìn láti tún un kà, ìlà yẹn gan-an ni màá kọ́kọ́ tún ṣe, ohunkóhun tí kọ̀ǹpútà ì báà sọ. Ìwé bíbo kòkó ti jáde, wọ́n ti kó o lọ. Ẹgbẹ́ náà ti tún gbé èyí tó wà lórí fífín oògùn wá, ewu tiẹ̀ ju ti bíbò lọ torí ìwọ̀n oògùn àti omi wà nínú ẹ̀, èémí tó gùn jù níbẹ̀ ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ 19, mo fẹ́ kó bọ́ sí 10 kí n tó jẹ́ kó kan ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.